Mo ra kẹ́ẹ̀gì "ajẹmájèlé" láti fọ ilẹ̀ tí oògùn koríko atrazine ti bàjẹ́, ohun tí ojú mi rí rèé

Kẹ́ẹ̀gì kékeré lítà kan ni, omi inú ẹ̀ dúdú bí àgbo tó ti pẹ́ nínú ìkòkò, ó sì ń rùn bí ògì tó kan jù. ₦9,500 ni mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta nǹkan oko n'Íbàdàn. Wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ gàdàgbà pé àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹ̀ máa jẹ gbogbo kẹ́míkà tó wà nínú ilẹ̀ láàárín ọjọ́ 7. Mo ti lò ó fún oṣù mẹ́ta báyìí, mo fara balẹ̀ wò ó, mo kọ ohun tí mo rí sínú ìwé, torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ. Mo fún kẹ́ẹ̀gì yẹn ní ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ìyá tó tà á fún mi, ìràwọ̀ 5 ni mo fún wọn, ẹ máa rí ìdí ẹ̀.

Mo gba ilẹ̀ kan lọ́nà Mọ́níyà lọ́dún tó kọjá, ilẹ̀ tó dáa lójú, ó dúdú, kànga ò jìnnà sí i. Ẹni tó ń dáko níbẹ̀ kí n tó dé, àgbàdo nìkan ló ń gbìn, lọ́dọọdún, kì í pààrọ̀. Mo fọ́n tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀ nínú oṣù kejìlá, mo gbin tòmátì náà, mò ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Gbogbo ẹ̀ ló hù, ó hù débi pé mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n létí, etí yẹn wá gbẹ bíi pé iná rà á, ó ń ti ìsàlẹ̀ gòkè bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò pé tí ilẹ̀ fi dá páropáro. Mo rò pé àrùn ni, mo rò pé omi kànga ló níyọ̀, mo tiẹ̀ ti ń bínú sí ẹni tó ta irúgbìn fún mi. Bàbá kan tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló wá já ewé yẹn wò, wọ́n ní "ọmọ mi, èyí kì í ṣàrùn o, oògùn koríko àgbàdo ló wà nílẹ̀ yìí." Wọ́n ní ọkùnrin yẹn fín in lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yẹn, ó sì fi ọwọ́ líle fín in, ìkejì tún wá bọ́ sí ìgbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Atrazine ni oògùn yẹn. Àgbàdo ò bẹ̀rù ẹ̀ torí pé ara àgbàdo fúnra ẹ̀ lè tú u palẹ̀ kó tó ṣe é ní jàǹbá, ìdí tí àwọn àgbẹ̀ fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn, ẹ fín in, koríko kú, àgbàdo dúró. Tẹ̀tẹ̀, tòmátì, ẹ̀wà, kùkùmbà, àwọn wọ̀nyí ò ní irú ara bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dí ọ̀nà tí ewé ń gbà fi oòrùn se oúnjẹ, ìyẹn ló fà á tí irúgbìn ṣe máa kọ́kọ́ hù tí inú èèyàn á dùn, torí oúnjẹ tó bá a wá látinú hóró ló ṣì ń jẹ, ìgbà tó bá yẹ kó máa dáná fúnra ẹ̀ ló máa wá rí i pé àdògán ti bàjẹ́. NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, Yúróòpù ti fà á tì láti 2004. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ò lè wọnú ilẹ̀ lọ kó èyí tó ti wà níbẹ̀ jáde.

Bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù yẹn nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ wọn ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn, ó gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn wá, ó ní "ẹ dà á sílẹ̀ lónìí, ẹ gbìn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù gbọ́ látinú, wọ́n ní "má fi irọ́ ta ọjà mi." Wọ́n jáde sí mi, wọ́n bi mí bóyá mo lè rí ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà, mo ní mo lè rí i, wọ́n ní pòròpórò àgbàdo ńkọ́, mo ní ó kún ilẹ̀. Wọ́n wá ní "ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì yìí, ẹ̀mí ni, ọmọ mi. Ẹ̀mí kì í gbé níbi tí ò sí oúnjẹ, tí ò sí omi. Tó o bá lọ dà á sórí ilẹ̀ gbígbẹ nínú ọyẹ́ yìí, owó ẹ lo dà nù yẹn." Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó fẹ́ ta ọjà ló ń sọ̀rọ̀ yìí o. Mi ò tíì bá irú ẹ̀ pàdé rí.

Mo wá ṣe é báyìí. Mo la bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan mítà 3 ní gígùn, mítà 1 ní fífẹ̀. Ti àkọ́kọ́, omi lásán ni mò ń bu sí i. Ti ìkejì, mo da omi kẹ́ẹ̀gì yẹn sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ti ìkẹta, omi kẹ́ẹ̀gì pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà àti pòròpórò tí mo gé wẹ́wẹ́. Ti ìkẹrin, ìgbẹ́ màlúù àti pòròpórò nìkan, kò sí kẹ́ẹ̀gì níbẹ̀. Iye omi kan náà ni gbogbo wọn ń rí, mo fi koríko gbígbẹ bo gbogbo wọn kí oòrùn má bàa gbẹ wọ́n. Mi ò lówó láàbù, torí náà kùkùmbà ni mo fi ṣe láàbù. Mo máa ń bu ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, mo gbin hóró kùkùmbà 5 sí i, mo sì bu ilẹ̀ abẹ́ igi máńgòrò ilé wa, èyí tí oògùn ò kàn rí, mo fi ṣe ẹlẹ́rìí. Kùkùmbà máa ń sọ òótọ́ láìpẹ́, tí atrazine bá wà níbẹ̀ ewé ẹ̀ á sọ.

Ọjọ́ kẹjọ ni mo kọ́kọ́ bu ilẹ̀, torí ọjọ́ 7 ni wọ́n ṣèlérí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kú. Ti abẹ́ máńgòrò dúró gírígírí. Nítorí náà ọjọ́ 7 yẹn, irọ́ ni, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára kẹ́ẹ̀gì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ti ìkẹta àti ìkẹrin ti ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó pọ́n. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ìkẹta ní 4 tó tutù nínú 5, ìkẹrin ní 3, ìkejì ní 1, àkọ́kọ́ ò ní nǹkan kan. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejìlá, ìkẹta àti ìkẹrin ti rí bí ti abẹ́ máńgòrò, kò sí ìyàtọ̀, ìkejì ní 3, àkọ́kọ́ tí mo kàn ń bomi sí náà ní 2. Ẹ wò ó dáadáa. Kẹ́ẹ̀gì yẹn fi díẹ̀ ràn án lọ́wọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀dì ìkẹta fi bí ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ ṣáájú ìkẹrin. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ màlúù àti pòròpórò tí mi ò san kọ́bọ̀ lé lórí ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, omi lásán náà sì ṣe tiẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn ajẹmájèlé ti wà nílẹ̀ yẹn kí n tó ra tiwọn wá, òùngbẹ àti ebi ló dá wọn dúró.

Mo lọ kà nípa ẹ̀ torí ó yà mí lẹ́nu, bí wọ́n ṣe ń jẹ kinní yìí ló sì dùn mọ́ mi jù, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ní Little Falls ní Minnesota, l'Amẹ́ríkà, ibì kan wà tí oògùn koríko ti dà sílẹ̀. Inú ilẹ̀ yẹn ni àwọn onímọ̀ ti rí bakitéríà kan, ìyẹn irú kòkòrò àìfojúrí kan, tó ń fi atrazine ṣe oúnjẹ, wọ́n tẹ ìwádìí yẹn jáde ní 1995, Pseudomonas ADP ni wọ́n ń pè é. Ẹ ro atrazine bí akàn. Ara ẹ̀ jẹ́ òrùka tí kábọ́ọ̀nù 3 àti náítírójìn 3 so pọ̀ di, ọwọ́ tó fi ń géni jẹ ni klóríìnì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó tún wá ní apá méjì míì tí náítírójìn wà nínú wọn. Ẹni tó mọ akàn jẹ kì í ki odidi ẹ̀ bọnu, ọwọ́ tó ń géni yẹn ló máa kọ́kọ́ dá. Bakitéríà yìí ní irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní AtzA, òun ló máa yọ klóríìnì yẹn, á fi nǹkan tó mú látinú omi dí ojú ẹ̀. Tí klóríìnì bá ti kúrò, kinní yẹn ò lè pa irúgbìn mọ́. AtzB á dá apá kan, AtzC á dá ìkejì, ó wá ku òrùka nìkan, àwọn irinṣẹ́ míì á fọ́ òun náà, gbogbo ẹ̀ á di amóníà àti kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, irú afẹ́fẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin ń mí síta. Ohun tó wá mú mi lọ́kàn ni pé kó tó di àwọn ọdún 1950, kò sí ohun tó ń jẹ́ atrazine láyé, èèyàn ló ṣe é, síbẹ̀ láàárín ìwọ̀nba ọdún yẹn àwọn kòkòrò yìí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń fi ìmọ̀ yẹn ta ara wọn lọ́rẹ, torí orí òrùka kékeré míì tó gbé jíìnì, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe irinṣẹ́ wọn, tí bakitéríà kan lè gbé fún èkejì ni ó wà. Wọ́n ti rí irú jíìnì yẹn kan náà káàkiri ayé. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ tó ti ń rí atrazine lọ́dọọdún fi sábà máa ń tètè jẹ ẹ́ ju ilẹ̀ tí ò rí i rí lọ. Ilẹ̀ tèmi ò tètè jẹ ẹ́ nítorí pé ìgbà tí òjò ń lọ ni wọ́n fín in. Nínú ìwé, nǹkan bí ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń pè é kí ìdajì ẹ̀ tó lọ, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ gbẹ háúháú, àwọn tó yẹ kó jẹ ẹ́ ti sùn.

Ohun kan wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fi pamọ́ nípa ìgbẹ́ màlúù yẹn. Kì í ṣe jíjẹ nìkan ló ń ṣe. Nǹkan jíjẹrà máa ń di atrazine mú mọ́ra bí òwú ṣe ń fa epo, tó bá ti dì í mú, gbòǹgbò irúgbìn ò ní rí i fà tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kùkùmbà tó tutù ò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀ ti tán, òmíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n dì mú, tí wọ́n á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ gbin nǹkan kó tà, ìyẹn ṣì dáa ju kó máa ṣàn lọ sínú kànga lọ, torí atrazine fẹ́ràn omi abẹ́ ilẹ̀ gan-an ni, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí Yúróòpù kọ̀ ọ́.

Ó wá kan ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú àwọn tó ṣe kẹ́ẹ̀gì yìí, torí ó dùn mí. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀ pé ká po úríà mọ́ ọn kí àwọn kòkòrò lè ní agbára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún atrazine. Náítírójìn tó wà lára atrazine gan-an ni púpọ̀ nínú àwọn bakitéríà yìí ń wá tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Tí ẹ bá ti bu úríà kún ilẹ̀, ẹ ti gbé iyán kalẹ̀ níwájú ẹni tó fẹ́ lọ fọ́ akàn, ta ló tún máa ṣe wàhálà akàn? Wọ́n ti wò ó nínú ilẹ̀ lóríṣiríṣi, tí náítírójìn bá pọ̀ ó sábà máa ń fa jíjẹ atrazine sẹ́yìn. Pòròpórò ló yẹ kí wọ́n kọ síbẹ̀, nǹkan tí kábọ́ọ̀nù pọ̀ nínú ẹ̀ tí náítírójìn ò tó, kí ebi náítírójìn lè máa pa wọ́n. Màmá oníṣọ́ọ̀bù ò lọ yunifásítì, pòròpórò ni wọ́n sọ fún mi.

Èkejì, kò sí orúkọ bakitéríà kankan lára ẹ̀, kò sí iye tó wà nínú ẹ̀, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Nǹkan ẹlẹ́mìí ni wọ́n ń tà yìí o! Ẹni tó bá ra òròmọdìyẹ á kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń mí. Mo rí àwọn kẹ́ẹ̀gì míì tí wọ́n tò síta ṣọ́ọ̀bù, oòrùn ọ̀sán ń pa wọ́n, ìdérí méjì ti wú. Bakitéríà tí ò tíì kú nínú ooru yẹn, tó bá délẹ̀ tán, àwọn ọmọ ilẹ̀ ń dúró dè é, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó tóbi jù ú lọ á jẹ ẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó mọ ibẹ̀ á gba oúnjẹ mọ́ ọn lẹ́nu, àlejò tí ò gbé oúnjẹ dání kì í pẹ́ níbẹ̀. Ìyẹn ni mo rò pé ó ṣẹlẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì kejì mi.

Mi ò sì sọ pé irú ọjà báyìí ò lè ṣiṣẹ́ o. Ní South Dakota, l'Amẹ́ríkà, atrazine dà sílẹ̀ níbì kan lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn onímọ̀ fi irinṣẹ́ AtzA yẹn sínú bakitéríà míì, wọ́n pa bakitéríà ọ̀hún kó má bàa tàn kálẹ̀, irinṣẹ́ inú ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n wá pò ó mọ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, ìdá 52 nínú 100 ti lọ, ibi tí wọ́n ti fi ajílẹ̀ fọ́sífétì kún un, ìdá 77. Ibi tí wọn ò fi bakitéríà yẹn sí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ọdún 2000 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ rí i pé àwọn yẹn mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n mọ májèlé tó wà nílẹ̀, wọ́n mọ irinṣẹ́ tó máa dá ọwọ́ ẹ̀, ọ̀sẹ̀ 8 náà ṣì ni wọ́n fi dúró, kì í ṣe ọjọ́ 7.

Ọ̀rọ̀ "gbogbo kẹ́míkà" yẹn ló bí mi nínú jù. Oko kòkó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà lápá Oǹdó, mo mọ Gammalin 20, àwọn bàbá wa fín in títí fún kòkòrò tó ń mu ara kòkó, àwọn kan tiẹ̀ ń dà á sódò fi pa ẹja, Ọlọ́run ló kó wa yọ. Lindane ló wà nínú ẹ̀. Atrazine tó ní klóríìnì kan, ẹ ti rí iye ọ̀sẹ̀ tó gbà, lindane ní klóríìnì 6, àwọn tó mọ̀ ọ́n jẹ ò pọ̀, àwọn ará Japan rí ọ̀kan tó ń jẹ́ Sphingobium nínú oko tí wọ́n ti ń lo oògùn yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, irinṣẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti Minnesota. Àpapọ̀ orílẹ̀-èdè fi lindane sínú ìwé àwọn májèlé tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ ní 2009. DDT, oògùn kòkòrò àtijọ́ yẹn náà, wọ́n lè yọ klóríìnì kan lára ẹ̀ kó di DDE, DDE yẹn á tún jókòó sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kọ́pà aláwọ̀ búlúù tí à ń fín fún àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú wá ńkọ́? Irin ni kọ́pà, kò sí kòkòrò kankan láyé tó lè jẹ ẹ́ tán, kò ní nǹkan tí wọ́n lè dá lára ẹ̀. Àgbàlagbà kan lè ka "gbogbo kẹ́míkà" lára kẹ́ẹ̀gì yẹn, kó dà á sóko kòkó tó ti ń mu kọ́pà láti ogójì ọdún, kó rò pé ilẹ̀ òun ti mọ́, kó gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀ fún àwọn ọmọọmọ ẹ̀. Kí wọ́n tún un kọ. Kí wọ́n kọ irú májèlé tí tiwọn lè jẹ.

Tí ẹ bá bi mí bóyá màá tún rà á, tí wọ́n bá kọ orúkọ àti ọjọ́ síbẹ̀, tí wọ́n gbé e sí ibi tútù, màá rà á, màá sì pò ó mọ́ pòròpórò. Bí ó ṣe wà yìí, ₦9,500 yẹn máa gbé ìgbẹ́ màlúù dé oko ẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo padà lọ bá Màmá lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ìwé tí mo kọ ọ́ sí lọ, mo ka ti bẹ́ẹ̀dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wọn. Wọn ò bínú. Wọ́n pe ọmọ iṣẹ́ wọn kó wá gbọ́, wọ́n ní kó kó gbogbo kẹ́ẹ̀gì tó wà lóòrùn wọlé. Mo wá sọ fún wọn nípa kòtò kan tí mo ti gbẹ́ sóko, mo rí i kà pé Sweden ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nínú àwọn ọdún 1990, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ sípíréyà kí omi oògùn má bàa ṣàn lọ. Ẹ gbẹ́ ẹ tó nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹ tẹ́ amọ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹ po koríko gbígbẹ ìdajì, ilẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin, nǹkan jíjẹrà ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí koríko tútù hù sórí ẹ̀. Koríko gbígbẹ yẹn ni oúnjẹ irú olú tó ń jẹ igi, ohun tí olú yẹn fi ń gé igi náà ló fi ń gé májèlé. Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi ibi tí àwọn oníbàárà wọn ti ń dán sípíréyà wò hàn mí, ilẹ̀ ibẹ̀ funfun, ewé kan ò hù níbẹ̀, gọ́tà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n ní "èló lo máa gbà gbẹ́ ẹ?" Mo ní mi ò gba kọ́bọ̀, kí wọ́n ṣáà ti bá mi wá amọ̀. Ọjọ́ Sátidé la fẹ́ bẹ̀rẹ̀.